Kí Ni Kí N Máa Pè Ọ́ Báyìí?

     Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí máa ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lójijì láàárín ọmọ ọdún 22 sí 40: kí ni kí á máa pe àwọn ọ̀rẹ́ wa nígbà tí a bá ti kúrò lọ́mọdé, kí sì ni kí á jẹ́ kí wọ́n máa pe àwa náà?

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín jọ ka ìwé, ẹ jọ sá eré lábẹ́ òjò, ẹ jọ jẹ ẹgba ọ̀gá iléèwé. Ọdún gorí ọdún, ó gbéyàwó, ó bímọ. Ẹ dé ibi ìkómọ, ẹ bá ìyá rẹ̀, àna rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ lórí ìjókòó. Ẹ fẹ́ pè é kó wá wá àga fún yín. Orúkọ wo ni yóò jáde lẹ́nu yín? Ṣé “Múfú” tí ẹ ti ń pè é tipẹ́ ni? Ṣé “Bàbá Ọmọ Tuntun”? Ṣé “Ẹnjiníà”? Àbí inagijẹ tí ẹ fún un ní kíláàsì kẹta, èyí tí a kò lè sọ lórí afẹ́fẹ́? Ọ̀pọ̀ wa ni kì í pinnu. Ohun tó bá ṣáà ti bọ́ sí wa lẹ́nu la máa ń sọ. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn, tàbí kí ọ̀rẹ́ kàn máa rọra yẹra, kí á má mọ ohun tí a ṣe fún un.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ọmọ Yorùbá kì í ní orúkọ kan ṣoṣo. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pín orúkọ wa sí àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ nígbà náà, ọmọbìnrin ní ọjọ́ keje, ìbejì ní ọjọ́ kẹjọ. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ni fún gbogbo wọn níbi tó pọ̀ jù. Lọ́jọ́ náà, bàbá yóò sọ tirẹ̀, ìyá yóò sọ tirẹ̀, àwọn àgbà ìdílé yóò ju owó sínú abọ́, wọn yóò sì sọ tiwọn. Bí ọmọ náà bá ti ń dàgbà, màmá àgbà á máa pè é ní Àdùkẹ́, bàbá rẹ̀ á máa pè é ní Fọláṣadé, ilé ìwé á gé e kù sí Ṣadé. Kí ó tó yíjú padà, ó ti mọ ẹni tó ń pe òun, nítorí ẹnu kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀.

Láàárín gbogbo wọn, ìyàwó ilé ni ó ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ wa lónìí. Nínú ilé Yorùbá, ìyàwó kì í pe ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wà nínú ìdílé ọkọ rẹ̀ kí ó tó dé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tó bá wọlé, ó di dandan kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ fún ènìyàn. Yóò wo ọmọbìnrin tó dúdú tó ń dán, yóò pè é ní Adúmáadán. Yóò wo ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ dùn ún wò, yóò pè é ní Eyínfúnjowó. Òmíràn á di Ìbàdíàrán, òmíràn á di Òpéléǹgé, ọ̀dọ́kùnrin tó ń kàwé á di Akọ̀wé. Ẹ kíyè sí nǹkan méjì níbẹ̀. Èkíní, ọjọ́ tí obìnrin náà kúrò lọ́mọdé tó wọ ilé ọkọ ni iṣẹ́ wíwá orúkọ já lé e léjìká. Bó ṣe di àgbà ni pípe ènìyàn di ohun tó ń rò kó tó sọ. Èkejì, ohun tó dára lára ẹni ni ó wò kí ó tó la ẹnu. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà kàn án.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ìgbà wo gan-an ni eré náà ń parí? Fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà tó jáde ní yunifásítì tàbí pólì, ìsìnrú ìlú tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1973 ni ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Túnjí nílé lóṣù tó kọjá dé ìgbèríko tí wọ́n pín in sí, àwọn ọmọ iléèwé ń kúnlẹ̀ kí i ní “Bọ̀dá Kọ́pà”, ìyá oníráìsì ń pè é ní “Kọ́pà wa”. Ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kìíní, ó máa ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ọjọ́ tí ó gba fíríìdọ̀mù ni. Àná ni wọ́n ń rán an ní omi. Lónìí, àwọn ọmọṣẹ́ tí wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan ní láti máa pè é ní “Ọ̀gá”. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbéyàwó, lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ àkọ́bí. Ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan tí a bá là kọjá ló ní orúkọ tí wọ́n ń gbé wọ̀ wá níbẹ̀.

Kí á tó dé orí orúkọ rárá, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó ṣáájú: “o” ni àbí “ẹ”? Láàárín ojúgbà, “o” ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé bí ọ̀rẹ́ bá ti di ọkọ àti bàbá, “o” máa ń ro létí àwọn tó yí i ká. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀, ó ń wo ẹni tó ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé “wá síbí”. Àṣà kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ tó gbọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́: lójú àna, lójú ọmọ, lójú òṣìṣẹ́, “ẹ” ni wọ́n ń lò fún ara wọn. Bí ó bá ku àwọn nìkan, “o” padà dé, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ohun tí kò dára ni kí ẹnì kan máa sọ “ẹ” kí ẹnì kejì sì máa sọ “o” padà fún un, nígbà tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ọ̀rẹ́ ti tán níbẹ̀. Ọ̀gá àti ọmọọ̀dọ̀ ló kù. Ẹni tí wọ́n ń sọ “ẹ” fún ni kí ó kọ́kọ́ fèsì “ẹ” padà, tàbí kí ó ní kí àwọn méjèèjì ju “ẹ” náà nù.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀rọ̀ yìí kò rí bákan náà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀yọ́ ń lo “ẹ” fún àgbà láìyẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka-èdè bí i ti Oǹdó kò ka “ìwọ” sí àbùkù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó bá ti ibẹ̀ wá lè sọ “ìwọ” fún bàbá ìyàwó yín láìní èrò ibi kankan. Ẹ tètè ṣàlàyé fún ìyàwó kí ó tó fa ojú ro.

Ẹ̀wẹ̀, ti àwọn tó fi ọdún kan tàbí méjì ju ara wọn lọ ń kọ́? Ilẹ̀ Yorùbá kò fi ọjọ́ orí ṣeré. Àní ìbejì pàápàá, Kẹ́hìndé ni a ń pè ní ẹ̀gbọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Táyé ló kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá lọ sí iléèwé tí wọ́n ń gbé inú ọgbà mọ ohun tí “ṣíníọ̀” jẹ́: ó fọṣọ fún un, ó pọn omi fún un. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n pàdé níbi iṣẹ́ kan náà, ọmọ wọn wà ní kíláàsì kan náà, àwọn méjèèjì ti ń pa irun funfun láró. Ṣé “Ṣíníọ̀ Gbénga” ni yóò ṣì máa jẹ́?

Ìlànà tí èmi rí pé ó ń ṣiṣẹ́ rèé: ẹ̀gbọ́n ló ń ṣílẹ̀kùn, àbúrò kì í jálẹ̀kùn. Bí ẹni tó ju ẹ̀yin lọ bá sọ pé “A ti di ẹgbẹ́ báyìí, máa pe orúkọ mi”, ẹ gbà á bí ẹ̀bùn. Bí ẹnu yín bá kọ̀ tí kò lè pe orúkọ náà lásán, “Ẹ̀gbọ́n” wà níbẹ̀. Ó ní ọ̀wọ̀, ó sì gba àwàdà mọ́ra. Bí kò bá sì sọ bẹ́ẹ̀, ẹ máa bá “Bọ̀dá” yín lọ, kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n náà, bí oṣù méjì péré ni ẹ fi ju ènìyàn lọ, tí ẹ ti lé ní ọmọ ọdún 35, tí ẹ ṣì ń wá ìwé ìbí kiri kí wọ́n lè dọ̀bálẹ̀ fún yín, ẹ sinmi díẹ̀.

Ó wá kan orúkọ tí ó gbilẹ̀ jù láàárín àgbàlagbà wa: Bàbá Lágbájá, Ìyá Lágbájá. Ọmọ bá dé, orúkọ òbí a sì fara sin sẹ́yìn tọmọ. Bùkọ́lá di Ìyá Ṣeun, Kúnlé di Bàbá Ṣeun, títí tí aládùúgbò tuntun fi lè gbé pẹ̀lú wọn fún ọdún mẹ́wàá láìmọ orúkọ wọn. Orúkọ yìí ní iyì púpọ̀. Ó ń sọ pé ẹni náà ní ìran, pé a kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ ní ìpè ọmọdé. Àwọn ọ̀rẹ́ náà sì ń lò ó fún ara wọn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ibi tí ó ti ń dunni ni ibi tí a kò ti wo ẹni tó dúró láàárín wa. Ẹ fojú inú wo àwọn obìnrin márùn-ún tó ti ń bá ara wọn bọ̀ láti yunifásítì. Mẹ́rin ti bímọ. Wọ́n pàdé níbi àjọ̀dún, “Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!” “Ìyá Tóbi, aṣọ yín mà dára o!” Ó wá kan ẹnì karùn-ún. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, ẹnì kan wá sọ pé, “Ìyàwó wa ń kọ́?” Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti lọ́kọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, ó gbọ́ ọ. Òmíràn, pẹ̀lú ọkàn rere, á pè é ní “Ìyá Ìbejì” láti fi gbàdúrà fún un. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ṣe àmín. Lọ́dún kẹjọ, orúkọ náà ti ń rán an létí ohun tí kò tíì rí, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣàìmọ ìṣòro yìí. Ẹ wo ọjà wa: Ìyá Aláṣọ, Ìyá Elélùbọ́, Ìyá Oníyán. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló sọ ọ́ di ìyá níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń bi í ní iye ọmọ tó bí. Nínú agbo ilé náà, obìnrin tó tọ́ ọmọ ẹlòmíràn dàgbà lè jẹ́ ìyá ọmọ náà lẹ́nu gbogbo ènìyàn títí ayé. Oríkì sì wà níbẹ̀: Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́, orúkọ tí ó ń kẹ́ ènìyàn nítorí ó jẹ́ ara rẹ̀, láìwo ohun tó ní. Ṣùgbọ́n èyí tó rọrùn jù fún ọ̀rẹ́ ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Bí ọ̀kan nínú yín kò bá tíì bímọ, tàbí tí ó pàdánù ọmọ, tàbí tí kò tilẹ̀ gbèrò láti bí, ẹ̀yin yòókù, ẹ pa “Ìyá Lágbájá” tì nígbà tí ẹ bá wà papọ̀. Ẹ pe ara yín ní Bùkọ́lá, Síkírá, Dúpẹ́ àti Yéwándé bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kò ná yín ní nǹkan kan, ẹnì karùn-ún yóò sì rí àyè jókòó dáadáa láàárín yín.

Ẹ jẹ́ kí á kọjá sí inagijẹ. Inagijẹ dùn. Bí ènìyàn bá gbọ́ èyí tí wọ́n fi ń pè é níléèwé, lójú ẹsẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ẹni tó mọ òun látilẹ̀ ló ń pe òun. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni. Ọ̀kan wá láti inú ìwúrí: ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, ẹni tó mọ ìṣirò, ẹni tó lè jó. Èkejì wá láti inú àbùkù: orí tó tóbi, ẹsẹ̀ tó wọ́, bàtà kan ṣoṣo tó ní, ọjọ́ tó sunkún nínú kíláàsì. Ọmọdé máa ń gba méjèèjì nítorí kò ní agbára láti kọ̀. Àgbà ní agbára. Bí ọ̀rẹ́ bá sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan pé òun kò fẹ́ orúkọ kan mọ́, ẹ má bèèrè ìdí, ẹ má sì ní ó ti ń gbéra ga. Àwọn àgbà ní a kì í bá ni tan kí á fa ni nítan ya. Ibi tí a bá ènìyàn dé kò fún wa láyè láti máa fi ọgbẹ́ rẹ̀ pè é.

Ẹ padà rántí ìyàwó ilé tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí orúkọ àtijọ́ kò bá bá ọ̀rẹ́ yín mu mọ́, kí ló dé tí ẹ kò wá òmíràn fún un? Ẹ ti mọ̀ ọ́n ju ìgbà tó wà ní kíláàsì kẹta lọ. Ẹ ti rí ohun tó ṣe nígbà tí bàbá ẹnì kan kú, ẹ ti rí bó ṣe ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ ọ́ lórúkọ.

Ti oyè ni ó kù: Dókítà, Láwọ́yà, Alhaji, Alhaja, Pásítọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n, Olóyè, Ọnọrébù. Àwa Yorùbá fẹ́ràn oyè, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tó lo ọdún púpọ̀ lórí ìwé, tàbí tó fi owó òógùn rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà, tọ́ sí kí á pè é bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Bí ọ̀rẹ́ bá wà lórí àga níbi àpèjẹ, tí ẹ sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ pe oyè rẹ̀ pé pérépéré. Bí ẹ bá dé yàrá rẹ̀, tí ó sì ní àfi kí ẹ ṣì máa pe òun ní “Dókítà”, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Oyè jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ń fi sí ni lára. Ẹni tó bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbé e wọ̀ lójoojúmọ́ ń ṣiṣẹ́ tó yẹ kí àwọn ènìyàn ṣe fún un. Ìdí nìyí tí àgbà Yorùbá tó bá kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n bi í pé “Ta nìyẹn?”, fi máa ń dáhùn pé “Èmi ni”. Ó gbà pé wọn yóò mọ ohùn òun.

Ó wá kan ara ẹni. Kí ni kí èmi alára máa jẹ́? Ìbéèrè yìí ti dàgbà nílẹ̀ Yorùbá. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé tí ìjọ fún ní orúkọ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn nínú dígí. Ní 1887, William James Davies, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Guyana tí ó sì dàgbà ní Sàró, sọ ara rẹ̀ di Orishatukeh Faduma. Ní 1894, David Brown Vincent, oníwàásù tí ó wà lára àwọn tó dá Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ọmọ ilẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, di Mọjọlà Àgbébí. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n ti níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ti lórúkọ níta. Ẹ ronú iye ìgbà tí wọ́n ní láti sọ fún ọ̀rẹ́ pé, “Rárá o, mi ò jẹ́ Vincent mọ́.”

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí i pé ìdáhùn kò ní láti jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ẹ wo ìdílé Kútì ní Abẹ́òkúta. Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919. Nígbà tí ó fi máa padà dé ní 1922, ó ti pa Frances àti Abigail tì. Fúnmiláyọ̀ ni ó fi ṣe gbogbo ìjà tí a fi mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ Ransome-Kuti, ó sì jẹ́ orúkọ ọkọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní àwọn ọdún 1970, ọmọ rẹ̀ Fẹlá, olórin tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí gbogbo ayé sì ti mọ̀, yọ Ransome kúrò, ó fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀. Ìyá náà, tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, yí tirẹ̀ padà tẹ̀lé e. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ yòókù, Olíkóyè tí ó di mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, àti Bẹ́kọ̀ tí òun náà jẹ́ dókítà, di Ransome-Kuti wọn mú. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, wọn kò sì torí orúkọ pín ilé. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé kò sí ọjọ́ orí tó ti pẹ́ jù láti yan orúkọ, kò sì sí ọ̀ranyàn pé kí ọ̀rẹ́ tàbí ọmọ ìyá ẹni yan irú tiwa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ wa, apá kan wà tí kò gba àwàdà: ìwé. Orúkọ tó wà lórí ìwé-ẹ̀rí WAEC, èyí tó wà ní báńkì lórí BVN tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, èyí tó wà lórí NIN àti èyí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Bí ẹ bá fẹ́ yí orúkọ padà, ẹ lọ búra ní kọ́ọ̀tù, ẹ gbé e sínú ìwé ìròyìn, kí ẹ wá gbé ẹ̀rí méjèèjì káàkiri àwọn ibi tí orúkọ yín wà. Ó dára kí ẹ pinnu ní kùtùkùtù, kí ìwé tó pọ̀. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, kò sí òfin Nàìjíríà tó fi dandan lé e kí ẹ pa orúkọ bàbá yín tì. Ẹ̀yin àti ọkọ ni kí ẹ jọ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ohun tí ẹ fẹnu kò sí, kí wọ́n má baà máa méfò nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìwé ìpè sí yín.

Nígbà mìíràn pẹ̀lú, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń jọ yan orúkọ. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mẹ́ta síra wọn wà nínú Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ tí ó gorí ìtẹ́ ní 1960 tí ó sì wàjà ní 2025, ni ó jí ètò náà dìde. Orúkọ ẹgbẹ́ bí i Bọ́bakẹ́yẹ, Gbọ́baníyì àti Jagunmólú ni wọ́n ń jẹ́, tí a sì ń rí wọn nínú aṣọ wọn níbi Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún un lè wà níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, oyè ló yà wọ́n. Lọ́jọ́ náà, orúkọ kan ṣoṣo ló bò wọ́n, ọdún tí wọ́n bí wọn nìkan la sì fi ń kà wọ́n mọ́ra.

Ìyẹn ló mú mi dé ibi tí mo ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn ṣe ń dàgbà ni orúkọ rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹnu tí ó lè pe orúkọ rẹ̀ gan-an ń dín kù. Ọmọ rẹ̀ kò lè pè é. Aya àbúrò kò lè pè é. Òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọmọ ìjọ rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀, kò sí èyí tó lè pè é. Màmá àgbà tó ń ki í ní Àjàní ti lọ, bàbá àti ìyá náà yóò lọ lọ́jọ́ kan. Bí ó bá di ọmọ ọgọ́ta ọdún, ta ló kù tó lè pè é ní Kúnlé láìṣẹ̀? Ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ fún un ní oyè rẹ̀ ní gbangba, ẹ bọ̀wọ̀ fún un lójú àna, ẹ pa inagijẹ tó ń bù ú kù tì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́ lẹ́nu yín. Àwọn kan ń rò pé bí a bá ti dàgbà, kí á pe gbogbo ènìyàn ní “Ọ̀gá mi” àti “Bàbá Lágbájá” níbi gbogbo ni ọ̀wọ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún ṣì nílò ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí yóò pe orúkọ rẹ̀, kí ó lè gbọ́ bí wọ́n bá sọ fún un pé ohun tó ń ṣe kò dára. “Kúnlé, èyí tí o ṣe yìí kò dára” máa ń wọ etí tí “Ẹ jọ̀ọ́, Olóyè” kò lè wọ̀.

Iṣẹ́ ilé tí mo fẹ́ fún yín ní ọ̀sẹ̀ yìí kò le. Ẹ mú ọ̀rẹ́ kan tí ẹ ti mọ̀ láti kékeré, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni kí n máa pè ọ́ lójú ìdílé rẹ? Kí ni kí n máa pè ọ́ nígbà tó bá ku àwa méjì? Èwo nínú àwọn orúkọ tí mo ti ń pè ọ́ ni o kò fẹ́ mọ́? Bí ó bá dáhùn, ẹ sọ tiyín náà fún un. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè kọ́kọ́ wà, ẹ̀rín lè tẹ̀lé e. Ẹ má jẹ́ kó ya yín lẹ́nu bí ìdáhùn sí ẹ̀kẹta bá jẹ́ orúkọ tí ẹ rò pé ó fẹ́ràn jù.